Ẹ kọ iṣẹ́ òṣèrébìnrin, ọkọ rẹ̀ nìkan kọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Bí òṣèrébìnrin àgbà kan bá ṣe ọjọ́ ìbí, tàbí bí ọlọ́jọ́ bá dé sí i, a ti mọ ohun tí a ó bá nínú ìwé ìròyìn kí a tó ṣí i: ọkọ tó fẹ́, ọmọ tó bí, ilé tí wọ́n kọ́ fún un, ẹni tí wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní ó ti ṣe fíìmù tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó parí. Bó ṣe ṣe é kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa agbẹ́gilére kò ní gbàgbé irú igi tó ń gbẹ́ àti bó ṣe ń di àáké mú. Kí ló dé tí ti òṣèrébìnrin fi yàtọ̀? Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé ní Ẹ̀pẹ́, ìwé ìròyìn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà, wọn kì í ka ìwé ńlá. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìkọ, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí lójú tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká fi Adéṣẹwà, òṣèrébìnrin ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé, bẹ̀rẹ̀. Clementina Oguntimirin lorúkọ rẹ̀ kó tó di Adéṣẹwà fún gbogbo ayé. Nígbà tí Hubert Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1945, tó dá ẹgbẹ́ tó pè ní African Music Research Party sílẹ̀, ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa ṣeré. (Ọmọ Ọ̀sọsà ni Ògúndé, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn sí Ẹ̀pẹ́ níbí.) Kò sẹ́ni tó yọjú. Orúkọ burúkú ló máa ń bá ọmọbìnrin tó bá dúró sórí ìtàgé nígbà náà. Ta ni yóò wá fẹ́ ẹ? Ó tún polówó, lọ́tẹ̀ yìí ó ní àkọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Àwọn ọmọbìnrin bá wá. Ìgbà tí wọ́n dé ni wọ́n tó mọ̀ pé rìhásà ni iṣẹ́ ọ́fíìsì náà. Àwọn òbí fárígá. Kí ẹgbẹ́ má baà tú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni Ògúndé fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ níyàwó. Ní 1946, nínú eré Tiger's Empire, àwọn obìnrin jáde sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí wọ́n gbà síṣẹ́. Adéṣẹwà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣèré tí Ògúndé fẹ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wà, ìgbéyàwó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kà á lónìí, àfi bí ẹni pé obìnrin wọ̀nyí wá jókòó sílé ọkọ, tí ọkọ wá tì wọ́n jáde sójú agbo. Ìyẹn ni pé a gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ẹṣin. Òṣèré ni wọ́n, ọkọ wọn sì ni ọ̀gá ibi iṣẹ́. Wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì tún ń sáré wọlé lọ múra kí ìlù tó dún.

Ní 1947, Adéṣẹwà bá Ògúndé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kọ́ ijó òyìnbó níbẹ̀. Èso ìrìn-àjò náà hàn nínú ohun tí àwọn òṣèré ń pè ní opening glee, ìyẹn ijó àti orin tí wọ́n fi ń ṣí eré: àwọn ọmọbìnrin yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú aṣọ kan náà, ìlù àti sasofóònù yóò máa gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé fàájì lásán ni. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó máa ń fún àwọn tó pẹ́ dé láàyè láti ríbi jókòó, ó máa ń pa ariwo inú gbọ̀ngán, ó sì máa ń jẹ́ kí òṣèré mọ bí ohùn ṣe ń rìn nínú ilé náà kí ọ̀rọ̀ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngán tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù lásán máa ń dá ohùn padà; èyí tí wọ́n fi pákó tẹ́ lókè máa ń gbé e mì. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni pé kí wọ́n gbé orin àkọ́kọ́ sókè jù. Àwọn elégbè yóò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n olórí òṣèrébìnrin á ti há lóhùn kí wọ́n tó dé ìran kẹta, tí ẹkún ńlá ń dúró dè é níbẹ̀.

Ó ju ogún ọdún lọ tí Adéṣẹwà fi rìn bẹ́ẹ̀. Ìjàmbá ọkọ̀ ló mú un lọ ní 1970, lójú ọ̀nà ìrìn-àjò eré. Fíìmù àkọ́kọ́ tí Ògúndé ṣe, Aiye, di 1979 kó tó wáyé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe lórí ìtàgé kò rí fíìmù wò; àwòrán, àwo orin àti ohun tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀ ló kù. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn ni ẹ ni èyí tó kẹ́yìn yẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń pe àwọn ìyá wọ̀nyí jẹ́ ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n a ti gbàgbé bí a ṣe ń kà á. Wọ́n ń pe Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀ ní Mọ́remí, ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni. Ipa tó kó nínú eré ni. Ìdòwú Philips tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Rainbow, ẹgbẹ́ Òṣùmàrè tí ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ló gba orúkọ yẹn wá. Kí akọ̀ròyìn kàn fi gbólóhùn kan ṣàlàyé orúkọ, ó ti kọ ìdajì ìtàn nìyẹn.

Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀ ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ó la gbogbo rẹ̀ kọjá: orí ìtàgé, tẹlifíṣọ̀n, fídíò. Òun ló ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, eré tí ọkọ rẹ̀, Dúró Ládiípọ̀, gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963, tí ẹgbẹ́ náà sì gbé lọ sí Berlin ní Jámánì ní 1964. Dúró Ládiípọ̀ kú ní 1978, ìyàwó rẹ̀ kò sì kó aṣọ eré sápótí.

Kí ni ó wà nínú ipa Ọya tó fi le? Ẹni tó bá ka ìwé eré náà lè rò pé ọ̀rọ̀ Ṣàngó ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Ọya ni yóò ki Ṣàngó tí ara ọba náà yóò fi gbóná, Ṣàngó pípè sì ni ohùn tó fi ń kì í. Ohùn yìí kì í ṣe orin, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó ń pe Ṣàngó gbọ́dọ̀ tọ́jú èémí rẹ̀ dé òpin ìlà, nítorí orúkọ tàbí kókó ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń wà ní ìparí. Tí èémí bá tán lágbede méjì, oríkì ti di àlàyé. Inú ikùn ni wọ́n ti ń mí. Ẹ wo èjìká akẹ́kọ̀ọ́: bí èjìká bá ń gbéra nígbà tó ń mí sínú, òkè àyà ló ti ń mú èémí, ohùn rẹ̀ yóò tín-ín-rín, yóò sì há láàárín ìdajì wákàtí.

Àwọn onílù bàtá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìyáàlù, omele abo, omele akọ, kúdi. Bàtá kì í sọ̀rọ̀ kedere bíi dùndún, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú ló fi ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì le. Òṣèré gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan kí ìyáàlù lè dáhùn. Tí kò bá dúró, ìlù ni yóò gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìlà tó tẹ̀lé e mì. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí òṣèré fi "háà" tàbí "ẹ̀n" kan ṣíwájú ìlà. Ìlù lè gbé ìyẹn mì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Nípa ohùn fúnra rẹ̀, ohun tó ń ba òṣèré Yorùbá jẹ́ yàtọ̀ sí ti òyìnbó, a kì í sì í rí i kà. Èdè wa ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí èèyàn bá pariwo, ohùn ìsàlẹ̀ á gbéra, á sún mọ́ ohùn àárín. Bó bá sì rẹ̀ ẹ́, ìparí gbólóhùn á wálẹ̀. Ẹ wo opó tó ń sunkún lórí ìtàgé. Ó fẹ́ ké pé "Ọkọ mi lọ!" Àárẹ̀ mú un, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ "Ọkọ̀ mi lọ!" Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, eré bàjẹ́. Àwọn èèyàn á ní òṣèré kò mọ ẹkún sun. Ó mọ̀ ọ́n sun. Àmì ohùn ló ṣubú. Ohun tó yẹ ni pé kí ó gbé gbogbo ohùn sókè pọ̀, ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má dín kù.

Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ nìyí. A máa ń ní kí onígángan lu gbólóhùn náà kí ọmọ tó sọ ọ́, ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, kí etí rẹ̀ gba orin inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò lọ dúró ní etí ọ̀sà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò sì dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí i pẹ̀lú ìwé àti bírò. Igba, igbá, igbà, ìgbà, ìgbá: kí ó pè wọ́n láìtò wọ́n, kí èkejì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gba méjì péré nínú márùn-ún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Igbà, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, ló máa ń pa wọ́n jù, nítorí pé ìparí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, atẹ́gùn sì ti gbé e lọ. Tí ọ̀fun bá gbẹ, orógbó díẹ̀díẹ̀ dára, nítorí jíjẹ rẹ̀ ń mú kí itọ́ sun. Ẹni tó bá fi ataare tó pọ̀ kún un á kọ́ ikọ́ láàárín eré. Omi yìnyín kò dára rárá kí ìran ẹkún tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti dójú ti ọ̀pọ̀. Òṣèrébìnrin ń kúnlẹ̀, ó ń sáré, ó ń ṣubú, nítorí náà ìró ọ̀pá méjì kì í tó. Ọ̀pá méjì ààbọ̀ ló fi í lọ́kàn balẹ̀. Kí ó wọ tòbí sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ di ìró kó tó ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú. Aṣọ tó ń yọ̀ bíi ṣẹ́dà á tú kí ijó kejì tó parí. Àdìrẹ tàbí òfì kì í yọ̀.

Àtíkè sì ní òfin tirẹ̀. Nígbà tí iná gáàsì ló ń tàn síwájú ìtàgé, ìsàlẹ̀ ni iná ti ń wá, òjìji yóò sì gun òkè lójú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń la tìróò nípọn, kí ẹni tó wà lórí àga ìkẹyìn lè rí ojú. Ẹ fi tìróò kan náà síwájú kámẹ́rà, ojú á dà bí ti egúngún. Láti sọ ọmọdébìnrin di arúgbó, àwọn kan máa ń da pọ́ńdà sírun. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, òógùn á ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ẹfun tí wọ́n fi àdí díẹ̀ pò ló ń pẹ́ lórí, òwú ni kí wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Àdí tó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kí ẹfun funfun mọ́.

Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 1959, gbogbo ọgbọ́n tí a kà sílẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù. Àwọn òṣèré tó ti kọ́ láti bá àga ìkẹyìn sọ̀rọ̀ wá bá maikirofóònù lókè orí wọn. Eré tó ń gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbọ̀ngán gbọ́dọ̀ wọ inú ìdajì wákàtí. Wọ́n ní láti dín ọwọ́ kù, dín ohùn kù, kí wọ́n má sì dúró de ẹ̀rín, torí kò sẹ́ni níwájú wọn tí yóò rín in.

Fíìmù tún le ju ìyẹn lọ, nítorí owó. Róòlù fíìmù oní-16mm tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400 kì í ju bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Ní ayé fíìmù Àjàní Ògún ní ọdún 1976 àti àwọn tó tẹ̀lé e, òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù lọ fọ̀ kí wọ́n tó lè wo ohun tí wọ́n yà. Òṣèré tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ti jẹ owó tí kò ṣeé san padà. Àwọn tó wá láti orí ìtàgé kì í gbàgbé bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kọ́ ọ̀rọ̀ láti inú ìwé eré, torí nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò sí ìwé eré: ọ̀gá á sọ ìtàn, á kọ́ wọn lórin, á pín ipa, àwọn náà á fi ẹnu ara wọn kún un nínú rìhásà títí tí yóò fi dì. Ohun tí wọ́n fi ẹnu ara wọn kọ́ ni wọ́n ń sọ, kò sì rọrùn láti gbàgbé ìyẹn.

Fídíò wá ní ìparí àwọn ọdún 1980 wọ àwọn ọdún 1990, ó sì mú ìrọ̀rùn wá. Kásẹ́ẹ̀tì kò wọ́n, wọ́n lè yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ìran kì í tò tẹ̀lé ara wọn mọ́. Wọ́n lè ya ìsìnkú láàárọ̀, kí wọ́n ya ìgbéyàwó nírọ̀lẹ́, torí pé ilé kan náà ni wọ́n yá. Òṣèré gbọ́dọ̀ rántí apá ibi tí gèlè dagun sí, iye ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́, àti bí ẹkún ṣe dé tó nígbà tí wọ́n dúró. Gèlè tó le tún máa ń dún wàrùwàrù sí maikirofóònù tí wọ́n fi há àyà, yẹtí gígùn náà sì ń ta á. Àwọn ìyá àgbà tó la orí ìtàgé kọjá ló máa ń ṣe èyí láìsí wàhálà, nítorí wọ́n mọ gbogbo ìtàn náà lórí, ibi yòówù kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yíyà.

Lónìí, ó ti yí padà: àwọn ọmọ wa dé láti iwájú kámẹ́rà, wọ́n fẹ́ gun orí ìtàgé. Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé eré sí Ẹ̀pẹ́ nígbà ìjọba Ambọ̀dé, ọ̀kan nínú mẹ́rin, àwọn tó kù wà ní Àgbádárìgì, Ìgandò àti Orẹ́gùn. Ọmọ tó ti ṣe fíìmù márùn-ún ní Ìkòròdú á dé, á sọ̀rọ̀, ìparí gbólóhùn rẹ̀ á sì wọlẹ̀ lọ. Á kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, nítorí kámẹ́rà ló máa ń wá ojú rẹ̀ kiri. Èyí tó burú jù ni pé bó bá ṣe àṣìṣe, yóò dúró, yóò sì wojú olùdarí. Ó ń retí kí ẹnì kan ní "cut". Adéṣẹwà kò ní ẹni tí yóò sọ ìyẹn fún un. Bí ẹnìkejì bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, òṣèrébìnrin ní láti fi orin dí ihò náà, tàbí kí ó bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìbéèrè: "Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ Balógun lo ti ń bọ̀ ni?" Èkejì á rántí, àwọn èrò kò ní mọ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí akọ̀ròyìn yín bá tún jókòó ti ìyá àgbà kan nínú iṣẹ́ yìí, kí ó bi í ní ipa tó kó àti ọdún rẹ̀, kí ó ya orí ìtàgé sọ́tọ̀ kúrò lára tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù. Kí ó bi í bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé, ohùn tó gbé nínú opening glee, àti ohun tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí ohùn há. Ẹ má bẹ̀rù pé òǹkàwé kò ní kà á. Aránṣọ fẹ́ mọ̀ nípa ìró, onílù fẹ́ mọ̀ nípa bàtá.

Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá náà bóyá Atọ́ka kankan ṣì wà nínú àpótí, ìwé tí wọ́n fi àwòrán sọ eré inú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ òṣèré kọ̀ọ̀kan wà lára àwòrán. Ọwọ́, ìdúró, ìwérí, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bébà náà ti gbó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́, ooru ẹ̀rọ náà á bà á jẹ́, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì lábẹ́ ìbòòji, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí wọ́n ya á lójú ewé kọ̀ọ̀kan láìlo iná kámẹ́rà, kí wọ́n sì dá a padà fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwa olùkọ́ eré orí ìtàgé,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.